Ta Ló Ni Aago Tí Ń Bẹ Lójú Ọ̀run?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí, láti inú ìpàdé gbogbogbòò wa tó kọjá ló ti wá. Nígbà tí akápò ń ka ìnáwó orí ọkọ̀ akẹ́rù ẹgbẹ́, ó kan owó ẹ̀rọ kékeré tí a fi sínú ọkọ̀ náà, èyí tí ń jẹ́ kí a mọ ibi tí ọkọ̀ bá wà. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa tó ń ta ẹ̀wà dìde. Ó ní, “Ẹ ní sátẹ́láìtì ló ń bá ẹ̀rọ yìí ṣiṣẹ́. Owó ẹ̀rọ nìyí, a rí i. Owó káàdì fóònù tó wà nínú rẹ̀ nìyí, a rí i. Owó sátẹ́láìtì ńkọ́? Ta là ń san án fún?” Akápò ní a kì í san nǹkan kan. Ìyá wa ní, “Háà! Ohun tí a kì í sanwó rẹ̀, ta ló ni ín? Bí ẹni tó ni ín bá tì í pa lọ́la ńkọ́?”

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Àwa tí a wà nínú ìgbìmọ̀ alákòóso kò rẹ́rìn-ín, nítorí pé kò sí ẹni tó lè dáhùn nínú wa. Ìbéèrè ọlọ́jà gidi ni. A ṣe ìlérí pé a ó wádìí rẹ̀, a ó sì kọ ọ́ síbí. Ohun tí a rí rèé, ó sì yà wá lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ náà jọ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ju bí a ti rò lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú àṣìṣe kan kúrò lọ́nà. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ńṣe ni sátẹ́láìtì ń wo ọkọ̀ wa láti òkè bí àṣá ti í wo òròmọdìẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Sátẹ́láìtì tí à ń sọ yìí ò tilẹ̀ mọ̀ pé ọkọ̀ wa wà láyé. Iṣẹ́ rẹ̀ ò ju pé kí ó máa kígbe lórí rédíò, tọ̀sán-tòru, láìsinmi: “Èmi lágbájá nìyí, ibi tí mo wà nìyí, ohun tí aago mi wí nìyí.” Ẹ̀rọ inú ọkọ̀ wa ló ń tẹ́tí sílẹ̀. Ìgbà tó bá gbọ́ tán, tó sì ti ṣírò ibi tó wà, ni yóò wá fi káàdì fóònù inú rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, bí ẹni fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́.

Báwo ló ṣe ń ṣírò rẹ̀? Igbe rédíò yìí a máa sáré tó 300,000 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn. Sátẹ́láìtì ti Amẹ́ríkà wà ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà sókè, ti Yúróòpù jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó tó 23,222 kìlómítà. Nítorí náà igbe náà á pẹ́ díẹ̀ lọ́nà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé pípẹ́ náà kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá. Láti ara bó ṣe pẹ́ tó ni ẹ̀rọ wa ti ń mọ bí sátẹ́láìtì náà ṣe jìnnà tó. Bí ẹnì kan bá tẹ̀ yín láago pé òun wà ní 50 kìlómítà sí Ìbàdàn, ẹ ò lè mọ̀ bóyá ọ̀nà Ọ̀yọ́ ló wà ni tàbí ọ̀nà Ìjẹ̀bú. Bó bá fi kún un pé òun wà ní 40 sí Ọ̀ṣogbo, ọ̀rọ̀ ti ń yé yín bọ̀. Bó bá tún fi ti ìlú kẹta kún un, ẹ lè fi ìka tọ́ ibi tó wà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Mẹ́ta ló tó láti mọ ibi, ìkẹrin la fi ń tún aago olówó pọ́ọ́kú tó wà nínú ẹ̀rọ tiwa ṣe. Bí ẹ̀rọ kò bá gbọ́ sátẹ́láìtì mẹ́rin, kò lè sọ̀rọ̀ tó dáńtọ́.

Ẹ ti rí i pé aago ni gbogbo rẹ̀. Aago tí wọ́n gbé sínú àwọn sátẹ́láìtì yìí kì í ṣe ti ọwọ́ wa yìí, àwọn aago tó péye jù lọ ní ayé ni wọ́n wà lára wọn. Síbẹ̀ bí ọ̀kan bá ṣìṣe ní ìdá kan péré nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá, 300 mítà nìyẹn nílẹ̀ o: ọkọ̀ tó wà ní gáréèjì yóò dà bí ẹni pé ó wà nínú ọgbà ilé-ìwé lódìkejì títì. Ohun mìíràn tún wà tó ṣòro gbà gbọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Aago tó bá wà lókè bẹ́ẹ̀ kì í rìn bí ti ilẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀mọ̀wé Albert Einstein ti sọ ọ́ tipẹ́. Ti GPS a máa fi ìdá 38 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá yára ju ti ilẹ̀ lọ lójúmọ́. Bí wọn kò bá tún un ṣe, àṣìṣe rẹ̀ yóò ju 10 kìlómítà lọ láàárín ọjọ́ kan. Nítorí náà, àwọn kan wà nílẹ̀ tó ń ṣọ́ aago wọ̀nyí tọ̀sán-tòru, tí wọ́n ń tún wọn ṣe. Ẹ̀yin ọlọ́jà mọ̀ pé bí ènìyàn méjì bá ń nájà, ẹni tó di kóńgò mú lágbára ju ẹni tó di àpò mú lọ. Ìbéèrè ìyá wa, ìbéèrè ẹni tó di kóńgò mú ni.

Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ dì í mú. Àwọn ológun wọn fọwọ́ sí ètò tí à ń pè ní GPS ní 1973, sátẹ́láìtì rẹ̀ àkọ́kọ́ gòkè ní oṣù kejì 1978, ó sì di 1995 kí wọ́n tó kéde pé ó pé pérépéré. Soviet náà bẹ̀rẹ̀ tiwọn, GLONASS, ní 1982. Iṣẹ́ ogun ni àwọn méjèèjì gbé ka iwájú. Ohun tó mú ará ìlú bá wọn jẹ níbẹ̀ burú. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án 1983, ọkọ̀ òfurufú akérò ilẹ̀ Kòríà kan, 007 ni nọ́ńbà ìrìn rẹ̀, ṣìnà wọ òfurufú Soviet. Àwọn ológun Soviet já a lulẹ̀. Ènìyàn 269 ló kú, kò sí ẹnì kan tó yè. Lẹ́yìn náà ni Ààrẹ Reagan ilẹ̀ Amẹ́ríkà kéde pé bí GPS bá ti parí, gbogbo ayé ni yóò máa lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, kí irú ìṣìnà bẹ́ẹ̀ má baà tún ṣẹlẹ̀ mọ́.

Wọ́n mú ìlérí náà ṣẹ, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ṣe é. Kóńgò méjì ni wọ́n fi ń wọ̀n. Ológun wọn ń gbọ́ aago gidi, ará ìlú ń gbọ́ aago tí wọ́n ti mọ̀ọ́mọ̀ dà rú, débi pé àṣìṣe rẹ̀ lè tó 100 mítà. Inú oṣù karùn-ún 2000 ni Ààrẹ Clinton ní kí wọ́n dáwọ́ ìyẹn dúró. Láàárín òru kan, gbogbo ẹ̀rọ GPS tó wà lọ́wọ́ ará ìlú káàkiri ayé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òótọ́. Ó dára, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè ṣí i lóru ọjọ́ kan, ó lè tì í lóru ọjọ́ kan náà. A kò fi èyí bú Amẹ́ríkà o. Owó orí tiwọn ni wọ́n fi ń ṣe é, òfin wọn fúnra rẹ̀ sì sọ pé wọn kò gbọdọ̀ gba owó lọ́wọ́ ará ìlú tó ń lò ó. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí akápò wa kò fi rí ìwé owó kankan. Ẹni tí kì í bá sanwó kan kò ní ohùn ní ìpàdé, èyíinì ni gbogbo ohun tí à ń wí.

Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ló kọ́kọ́ jókòó ro èyí papọ̀. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n nínú ẹgbẹ́ wọn nígbà náà. Wọ́n ní àwọn ọkọ̀ òfurufú wa, ọkọ̀ ojú omi wa, báńkì wa, iná mànàmáná wa, gbogbo rẹ̀ ń gbára lé aago ẹlòmíràn. Àwọn kan láàárín wọn ní, “Kí ni ẹ fẹ́ fi owó ra ohun tí wọ́n ń fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ fún?” Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ni wọ́n ń sọ. Owó ńlá ni. Wọ́n jà á, wọ́n jà á, títí di oṣù kẹta 2002 tí àwọn mínísítà ìrìnnà wọn fọwọ́ sí i. Galileo ni wọ́n sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé ibẹ̀, ní oṣù kejìlá 2001, Paul Wolfowitz tó jẹ́ igbákejì mínísítà ètò ààbò Amẹ́ríkà ti kọ lẹ́tà sí àwọn mínísítà ààbò Yúróòpù láti sọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù.

Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù kì í ṣe ìlara lásán. Yúróòpù fẹ́ fi igbe ìkọ̀kọ̀ tirẹ̀, ìyẹn èyí tó wà fún ìjọba àti ọlọ́pàá nìkan, sí àyè kan náà lórí rédíò pẹ̀lú igbe tuntun ti ológun Amẹ́ríkà. Bí ìgbà tí iléeṣẹ́ rédíò méjì bá jọ wà lórí nọ́ńbà kan náà ni. Bí ogun bá dé, tí Amẹ́ríkà sì fẹ́ bo ti Yúróòpù mọ́lẹ̀ kí ọ̀tá má baà lò ó, tirẹ̀ náà ni yóò bò. Ìpàdé lórí ìpàdé, ó di ọjọ́ 26 oṣù kẹfà 2004, ní ilẹ̀ Áyálándì, kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Yúróòpù sún igbe ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Amẹ́ríkà náà gbà pé kí igbe ìta gbangba ti àwọn méjèèjì jọra, kí ẹ̀rọ kan ṣoṣo lè gbọ́ wọn papọ̀. Wọ́n tún jókòó ní 2007, wọ́n sì ṣàtúnṣe sí i kí ó lè dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lójú tiwa, ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ìdíje kò tán. Olúkúlùkù ṣì ni ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, olúkúlùkù ṣì ń ṣọ́ aago tirẹ̀. Ohun tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni bí kóńgò yóò ṣe rí, kí oníbàárà má baà ra kóńgò méjì lọ sọ́jà. Bí wọ́n bá ti kọ̀, ẹ̀rọ méjì ni à bá máa rà sínú ọkọ̀ kan.

Ó wá ku owó. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá wa pẹ́ nínú ẹgbẹ́ yìí, a mọ̀ pé ẹ̀rín yóò pa yín níbí. Ètò àkọ́kọ́ ni pé kí àwọn iléeṣẹ́ aládàáni dá ìdá méjì nínú mẹ́ta owó tí wọn yóò fi gbé àwọn sátẹ́láìtì náà sókè, kí wọ́n sì máa rí èrè wọn pa padà díẹ̀díẹ̀. Iléeṣẹ́ ńlá mẹ́jọ kó ara wọn jọ. Wọn ò dábàá iṣẹ́ kan yanjú. Wọ́n ń jà nítorí ẹni tí yóò ṣe olórí, wọ́n ń jà nítorí ìlú tí iṣẹ́ yóò wà, wọ́n sì ń jà jù lọ nítorí ẹni tí yóò ru àdánù bí ọjà kò bá tà. Ta ni yóò sì ra ohun tí aládùúgbò ń fún ni lọ́fẹ̀ẹ́? Nígbà tí ó fi máa di àárín 2007, gbogbo rẹ̀ ti fọ́. Àwọn ìjọba ní àwọn ó gbé e dìde fúnra àwọn. 3.4 bílíọ̀nù Yúrò ni wọ́n wá, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ owó tó ṣẹ́ kù nínú àpò iṣẹ́ àgbẹ̀ wọn. Ẹ̀yin àgbẹ̀ tó wà láàárín wa, ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí àwọn tiwa gbọ́ irú ẹ̀.

Bí owó ti yanjú tán, ìjà “ìlú ta ni yóò wà” kò tán. Jámánì gba ilé ìṣàkóso kan, Ítálì gba ìkejì. Sípéènì ní òun ò gbà àfi bí òun náà bá rí tòun, wọ́n sì ṣèlérí fún un. Olú iléeṣẹ́ tí ń bójú tó ìlò rẹ̀ kó lọ sí Prague, ní ilẹ̀ Czech, ní 2012. Ẹni tó bá rántí ìjà tí a jà lórí ibi tí a ó kọ́ ilé ìkẹ́rùsí wa sí kò ní bú wọn.

Ṣáínà ni ọ̀rọ̀ tó dùn wá jù nínú gbogbo rẹ̀. Ní 2003, Ṣáínà bá Yúróòpù dòwò pọ̀ lórí Galileo, ó sì ṣèlérí 200 mílíọ̀nù Yúrò. Wọ́n tẹ́wọ́ gbà á. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, ó hàn sí i pé ní ti ìpinnu, wọn ò fún òun ní àga, ní ti igbe ìkọ̀kọ̀, wọn ò ní jẹ́ kí òun fọwọ́ kàn án. Lóòótọ́, kò sí ẹni tí yóò fi kọ́kọ́rọ́ ilé ológun lé àlejò lọ́wọ́, ìyẹn yé wa. Ṣùgbọ́n wọn ì bá ti sọ ọ́ fún un lọ́jọ́ tí wọ́n ń gba owó. Ọmọ ẹgbẹ́ tó ń dáwó tí kò lè dìbò, àlejò ni, ọjọ́ kan ni yóò sì dìde.

Ó dìde. Kì í kúkú ṣe ọwọ́ òfo ló bá wá. Sátẹ́láìtì méjì tirẹ̀ ti gòkè láti 2000, tí ó pè ní BeiDou. Ní oṣù kẹrin 2007, nígbà tí àwọn Yúróòpù ń jà nítorí owó lọ́wọ́, Ṣáínà gbé ọ̀kan sókè tí ń kígbe ní àyè kan náà lórí rédíò tí Galileo ti fojú sí fún igbe ìkọ̀kọ̀ rẹ̀. Òfin àjọ àgbáyé tó ń pín àyè rédíò kò sì yàtọ̀ sí ti ọjà: ẹni tó bá kọ́kọ́ pàtẹ ló láṣẹ ibẹ̀. Ó gbà wọ́n ní ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó yanjú rẹ̀. BeiDou bẹ̀rẹ̀ sí í sin ilẹ̀ Éṣíà ní 2012, ó sì kárí ayé ní oṣù keje 2020. Ẹni tí wọn ò fún ní àga ti kọ́ ilé tirẹ̀.

Ti Ìlú Ọba yàtọ̀. Àwọn jẹ́ ojúlówó ọmọ ẹgbẹ́. Wọ́n dáwó, iléeṣẹ́ wọn kan ní Guildford ló kan sátẹ́láìtì àyẹ̀wò àkọ́kọ́ tí Galileo gbé sókè ní oṣù kejìlá 2005. Wọ́n jókòó nígbà tí ẹgbẹ́ ń ṣe òfin pé ẹni tí kò bá sí nínú ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ mọ àṣírí igbe ìkọ̀kọ̀. Nígbà tí àwọn fúnra wọn wá jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ ní 2020, òfin tí wọ́n bá wọn ṣe ló tì wọ́n síta. Wọ́n ti kéde ní 2018 pé àwọn ó wo ọ̀nà láti ṣe tiwọn, wọ́n sì pa á tì ní 2020 nígbà tí wọ́n rí iye tí yóò ná wọn. Igbe ìta gbangba, tí gbogbo ayé ń gbọ́, kò sí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń lò ó bí àwa náà ti ń lò ó.

A ò fẹ́ kí ẹ rò pé ìjà nìkan ni. Iṣẹ́ náà ń lọ, jàǹbá sì ń bá a rìn. Àwọn sátẹ́láìtì Galileo, orúkọ ọmọdé ni wọ́n ń jẹ́, àwọn ọmọ tó gba ẹ̀bùn nínú ìdíje àwòrán yíyà ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ náà. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹjọ 2014, rọ́kẹ́ẹ̀tì Rọ́ṣíà kan gbé méjì, Doresa àti Milena, gòkè láti Guiana ti ilẹ̀ Faransé. Ẹni tó to páìpù inú rọ́kẹ́ẹ̀tì náà ti so páìpù epo mọ́ ẹ̀gbẹ́ páìpù gáàsì kan tó tutù bíi yìnyín. Epo dì. Rọ́kẹ́ẹ̀tì já àwọn méjèèjì sí ipa ọ̀nà tí kì í ṣe tiwọn, ọ̀nà tó ń gbé wọn sún mọ́ ilẹ̀ tó sì tún ń gbé wọn jìnnà. Gbogbo owó yẹn! Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ní, ẹ dúró ná. Bí wọ́n ti ń sún mọ́ tí wọ́n sì ń jìnnà yìí, aago inú wọn yóò máa yára, yóò sì máa falẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Einstein ti wí. Wọ́n fi wọ́n dán ọ̀rọ̀ náà wò, èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2018 sì péye ju èyíkéyìí tí wọ́n ti rí fún ogójì ọdún sẹ́yìn lọ.

Èyí tó kan ìbéèrè ìyá wa gbọ̀ngbọ̀n ṣẹlẹ̀ ní oṣù keje 2019. Galileo ti ń ṣiṣẹ́ fún gbogbo ènìyàn láti oṣù kejìlá 2016. Ṣàdédé ni ẹ̀rọ ilẹ̀ tó ń ṣírò aago àti ipa ọ̀nà wọn dàrú, gbogbo Galileo sì kú fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tí ẹ̀rù ìyá wa ń bà á gan-an ló ṣẹlẹ̀ yìí, wọ́n tì í pa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ tì í. Ẹ mélòó nínú yín ló mọ̀? Àwa ò mọ̀. Ọ̀pọ̀ fóònù ayé kò mọ̀ ọ́n lára, nítorí pé wọ́n ti ń gbọ́ GPS àti GLONASS lọ́wọ́ kan náà. Àdéhùn tí wọ́n ṣe lórí bí kóńgò yóò ṣe rí, èrè rẹ̀ nìyẹn.

Àwa tí a wà níbí ńkọ́? A ní ọwọ́ díẹ̀ níbẹ̀. Àjọ Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè Àgbáyé dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní Vienna ní 2005, níbi tí Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà, Ṣáínà, Yúróòpù, Íńdíà àti Jàpáànù, gbogbo àwọn tó ní irú sátẹ́láìtì yìí, ti ń pàdé láti mú aago wọn bára mu. Kò ní agbára láti fipá mú ẹnikẹ́ni, ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ. Nàìjíríà wà lára ọmọ ìgbìmọ̀ náà. Ní Ilé-Ifẹ̀, nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ilé ẹ̀kọ́ kan wà láti 1998, tó ń kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní ìmọ̀ sátẹ́láìtì, ẹ̀kọ́ lórí irú aago ojú ọ̀run wọ̀nyí náà sì wà níbẹ̀.

Ó sì ní ohun tó wà lójú ọ̀run tiwa tó mú wa láyọ̀. Ẹ rántí NigComSat-1 tí Ṣáínà bá wa gbé sókè ní oṣù karùn-ún 2007, tó kú ní oṣù kọkànlá 2008, tí ọ̀pọ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n gbé òmíràn, NigComSat-1R, rọ́pò rẹ̀ ní oṣù kejìlá 2011. Yàtọ̀ sí iṣẹ́ tẹlifóònù, ó ní ohùn kan lára tí a lè fi kígbe bí àwọn sátẹ́láìtì aago yìí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ohùn yẹn fi wà láìsí ẹni tó pè é níṣẹ́. Ẹ wá gbọ́ bó ṣe wúlò. Ilẹ̀ tiwa yìí sún mọ́ ìlà àárín ayé, atẹ́gùn òkè réré wa níbí kò sì jókòó jẹ́ẹ́, oòrùn a máa rú u, pàápàá bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, igbe GPS á sì máa pẹ́ lọ́nà ju bó ṣe yẹ lọ. Fún ọkọ̀ akẹ́rù, mítà díẹ̀ kò ṣe nǹkan. Fún ọkọ̀ òfurufú tó fẹ́ balẹ̀ nínú kùrukùru, ọ̀rọ̀ ikú òun ìyè ni. Nítorí náà, ASECNA, ẹgbẹ́ tí àwọn orílẹ̀-èdè bíi Benin àti Togo fi ń bójú tó òfurufú wọn papọ̀ láti 1959, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2020 láti máa fi NigComSat-1R kígbe àtúnṣe àṣìṣe náà. Ní oṣù kìíní 2021, wọ́n fi ọkọ̀ òfurufú dán an wò ní pápákọ̀ Lomé. Nàìjíríà kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ ASECNA o. Sátẹ́láìtì Nàìjíríà, tí Ṣáínà kàn, ń tún ọ̀rọ̀ GPS Amẹ́ríkà ṣe, fún ọkọ̀ òfurufú tó ń balẹ̀ ní Togo. Ẹ wo ọjà yẹn!

Ó yẹ kí a sọ èyí tí kò dùn náà. Igbe tó ti 20,000 kìlómítà bọ̀ ti rẹ̀ kí ó tó délẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan tí olè gbé sínú àpò lè pariwo bò ó mọ́lẹ̀, tí ẹ̀rọ inú ọkọ̀ kò fi ní gbọ́ nǹkan kan, ì báà jẹ́ ti Amẹ́ríkà, ì báà jẹ́ ti Ṣáínà. Sátẹ́láìtì mélòó la gbọ́ kò lè gbà wá lọ́wọ́ ìyẹn. Nítorí náà, ẹ̀rọ kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ọkọ̀, ìwé ẹrù tí dírẹ́bà ń fọwọ́ sí ní ibùdó kọ̀ọ̀kan kò sì ní dúró.

A ti yẹ ìwé tó bá ẹ̀rọ wa wá wò. GPS àti BeiDou ló ń gbọ́, kò gbọ́ Galileo. Ìgbìmọ̀ ti fẹnu kò pé èyí tí a ó rà fún ọkọ̀ kejì gbọ́dọ̀ gbọ́ mẹ́ta, ó kéré tán. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra tiyín lọ́tọ̀ fún ọkọ̀ yín, ẹ bi ẹni tó ń tà á, ẹ má gba “sátẹ́láìtì ni” lásán. Ní ti ọjọ́ tí ọkọ̀ wa “sọnù” fún wákàtí mẹ́rin lọ́nà Ìlọrin, tí a fi gbogbo òru pe ara wa, kò sí aago kan tó kú lójú ọ̀run lọ́jọ́ náà. Owó orí káàdì fóònù inú ẹ̀rọ ló tán. Akápò ti ń bu owó sí i lọ́jọ́ kìíní gbogbo oṣù báyìí, àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ akọ̀wé fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó.